Gbèdéke Ẹni Tí Kò Béèrè

Ìjà ni Mùsítúrà àti Gabriel fi pàdé. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ìfẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ọdún 1994 ni, ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer ní Ìbá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń wá ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama sì ń kó máàkì ìdánwò wá fún ìṣirò. Mùsítúrà ló ń tọ́jú ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ tuntun ni Gabriel. Kò tíì jókòó pẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi sọ fún un pé ó ti tó gẹ́ẹ́, kò lè ṣí iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ó dìde, ó béèrè ẹni tí ó so òun mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Wọ́n nàka sí ọmọbìnrin kan tí ó fi ìborùn aláwọ̀ ewé borí, tí kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Èmi ni," ni Mùsítúrà wí. "Bó ṣe rí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn."

"Ṣé èmi náà ni gbogbo ènìyàn?"

"Láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni."

Kí ẹni tí kò mọ̀ má baà ṣìnà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer ní. Ó rà á ní Ọjà Àlàbá, ó sì so tẹ́mínà púpọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ojú àti kíbọ́ọ̀dù lásán tí kò ní ọpọlọ tirẹ̀, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa lo ọpọlọ kan. Ètò tí ó ń pín ọpọlọ náà ni wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jí bí a bá tan ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń pinnu iye iṣẹ́ tí ẹnì kan lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí ó bá ń ṣètò kánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ yan nọ́ńbà kan sílẹ̀ de ẹni tí kò tíì sọ ohun tí ó fẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá kéré jù, iṣẹ́ olúwarẹ̀ á máa já lójú ọ̀nà. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹnì kan ṣoṣo lè gba gbogbo ẹ̀rọ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, kí wọ́n jókòó máa wo ojú ara wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Nọ́ńbà kékeré ni Mùsítúrà yàn, ilé ni ó sì ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Sàlámì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ń ta wáyà àti tiransifọ́mà ní Àlàbá. Ó ní ilé kan ní Igbó-Elérin tí òun àti àwọn ayálégbé jọ ń gbé. Ìlà iná kan ṣoṣo ló wọ ilé náà, fíúsì gbogbo yàrá sì wà nínú àpótí kan lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáyà tín-ín-rín ni Àlàájì máa ń fi sínú fíúsì ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù tàbí fíríìjì gbọ́dọ̀ wá bá a, kí ó ní, "Àlàájì, kò tó mi." Àlàájì á ní kí ó jókòó, á bi í pé, "Kí ni o fẹ́ fi ṣe?" Lẹ́yìn èyí ni yóò fi wáyà kún un.

Kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá ẹlòmíràn béèrè. Ẹni tí ó ni yàrá ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ayálégbé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n iná ti jó ilé tí ó wà ní ọwọ́ òsì wọn àti èyí tí ó wà lódìkejì títì, kò jó tirẹ̀.

Gabriel kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n tọ́ ní Òkókómaikò ni, ìyá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àbúrò ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Lójú tirẹ̀, àbùkù ni gbèdéke jẹ́ fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Mùsítúrà ní àṣìṣe kì í yan ẹni tí yóò bá lálejò. Wọ́n jà á ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n jà á dé ibùdókọ̀. Nígbà tí ó yá, Gabriel bẹ̀rẹ̀ sí ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà dání kí ìjà náà lè pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kan tí òjò dá wọn dúró lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan, Gabriel gé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrú.

"Mùsí, mi ò lè máa fi ìjà bojú mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Inú Mùsítúrà dùn, ẹ̀rù sì bà á, kò sì mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ó ní kí ó jẹ́ kí òjò dá ná. Kí òjò náà tó dá, òun náà ti sọ tẹnu rẹ̀.

Wọ́n fi ìfẹ́ náà pamọ́ bí ẹni fi ẹyin sápò. Mùsùlùmí ni Mùsítúrà. Ìyá Gabriel, Màmá Eunice, jẹ́ opó, ó sì tún jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Gabriel máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó tíì sọ pé rárá fún wọn. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó sọ pé rárá, nítorí kò sí ẹni tí ó béèrè. Wọ́n ń jẹ adùn ìdákẹ́jẹ́ náà lọ bẹ́ẹ̀, títí ọdún fi yípo.

Nígbà tí Iléyá ku nǹkan bí oṣù kan, Àlàájì pe Mùsítúrà sí pálọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Àlàbá fẹ́ wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, Jẹ̀lílì, lẹ́yìn ọdún. Ọmọ dáadáa ni, ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kì í fi kírun ṣeré. Ó wá bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Mùsítúrà tẹjú mọ́ ilẹ̀. Orúkọ Gabriel dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Kò sí, Bàbá," ni ó wí.

Nígbà tí ó sọ fún Gabriel, ojú rẹ̀ ṣú. Ó ní òun á bá ìyá òun sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, kò bá a sọ̀rọ̀. Iléyá ń sún mọ́lé. Mùsítúrà kò lè jẹun dáadáa mọ́.

Ohun tí ó wá gbọ́ lẹ́yìn nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tí Mùsítúrà lọ kírun Jímọ̀, Gabriel ń ṣírò máàkì ilé ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀rọ sì ń já a kulẹ̀ léraléra nítorí gbèdéke. Ó yẹ kí ó dúró dè é. Ó yẹ kí ó béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jẹ̀lílì ti gba ọkàn rẹ̀, inú sì ń bí i sí gbogbo ohun tí ó bá ti ń sọ fún un pé kò gbọdọ̀ kọjá ibi báyìí. Mùsítúrà ti fi ọ̀rọ̀ ìwọlé olùtọ́jú hàn án rí, nítorí ó fọkàn tán an. Gabriel ṣí ètò kánẹ́ẹ̀lì, ó pa nọ́ńbà kékeré náà rẹ́, ó fi èyí tí ó tóbi jù lọ tí ẹ̀rọ lè gbà síbẹ̀, fún gbogbo ènìyàn. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ geerege. Nígbà tí Mùsítúrà dé, ó rẹ́rìn-ín sí i, kò sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Wọlé wá dán ètò tí ó kọ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wò. Ètò náà gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì dúró, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé ibi tí ó ti yẹ kí ó sọ fún un pé kí ó dúró. Ètò náà bí èkejì, èkejì bí ẹ̀kẹta, gbogbo wọn sì ń bímọ lọ. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà Mùsítúrà ló ṣì wà níbẹ̀, orí Wọlé nìkan ni ìyà náà ì bá mọ.

Lójijì, gbogbo tẹ́mínà dákẹ́. Mùsítúrà sáré lọ sídìí ẹ̀rọ láti wọlé gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú kí ó lè pa ètò náà, ẹ̀rọ kò dá a lóhùn. Kò ku àyè kankan, òun fúnra rẹ̀ kò rí ibi wọlé. Ó fa wáyà iná yọ. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ tàn, fáìlì máàkì tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Mùsítúrà wo ètò kánẹ́ẹ̀lì, ó rí nọ́ńbà náà, ó mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Ó yí ojú padà. Gabriel dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer bi wọ́n, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí ó burú ju ariwo lọ, pé ọwọ́ ta ni ìtọ́jú ẹ̀rọ yìí wà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Mùsítúrà ń wo ẹnu Gabriel. Ẹnu náà là, ó sì tún pa dé.

"Mùsítúrà, máa lọ sílé," ni ọ̀gá wí. "Bí mo bá fẹ́ rí ọ, n ó ránṣẹ́."

Ó mú báàgì rẹ̀. Kò sunkún títí tí ó fi dé inú mọ́tò, ó wá sunkún dé Igbó-Elérin, obìnrin tí ó jókòó tì í sì ń bá a bẹ Ọlọ́run láìmọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bá Gabriel ní ìkóríta ilé wọn. Gabriel rù bí ẹni tí ó ṣàìsàn. Ó sọ pé òun ti jẹ́wọ́ fún ọ̀gá láàárọ̀, ọ̀gá sì ti bú òun tẹ́rùn, ó ní kí Mùsítúrà padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ máàkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì jókòó tì wọ́n, ó fa ojú ro.

"Kì í ṣe nọ́ńbà tí o yí padà ló dùn mí," ni Mùsítúrà wí. "Nígbà tó yẹ kó o béèrè, o ò béèrè. Nígbà tí wọ́n sì béèrè, o ò dáhùn."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Àmọ́ Mùsí, dákun, ṣé o sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí pé a lè béèrè? Nọ́ńbà yẹn kàn wà níbẹ̀ ni. Èmi rò pé ògiri ni."

Mùsítúrà náà mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ń já Gabriel kulẹ̀, òun ti ń retí pé kí ó wá bẹ òun, òun kò sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà. Ó gba ti bàbá rẹ̀ lórí wáyà tín-ín-rín, ó gbàgbé àga tí bàbá rẹ̀ máa ń fi lọ ayálégbé.

"Lọ bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀," ni ó wí níkẹyìn. "Bí Iléyá bá kọjá tí mi ò rí yín nílé wa, má dúró dè mí ní ìkóríta kankan mọ́."

Iléyá dé, ó sì kọjá. Àwọn ará ilé Jẹ̀lílì ránṣẹ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni àwọn yóò wá. Mùsítúrà ń fọ abọ́ ọdún, ó ń fi omijé kún omi ọṣẹ. Ìgbà yẹn ni ìròyìn dé láti ọ̀dọ̀ Gabriel pé ìyá òun gbà láti wá, pé ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú Àbámẹ́ta náà, bí àwọn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ni àwọn ń bọ̀. Mùsítúrà lọ sọ fún Àlàájì pé àlejò kan ń bọ̀ láti Òkókómaikò. Àlàájì ní kí wọ́n máa bọ̀. Kò béèrè ohun tí wọ́n ń wá, ìyẹn gan-an ló sì kó ẹ̀rù bá ọmọ rẹ̀.

Wọ́n dé, Gabriel, Màmá Eunice, àti Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀, àbúrò màmá tí ó jẹ́ olùkọ́. Màmá Eunice jókòó sí etí àga, Bíbélì rẹ̀ lórí itan, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Àlàájì ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ dìde, ó sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ó ní àwọn ń kọjá lọ ni àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà Àlàájì, òdòdó náà sì wu àwọn í já. Ó ní àwọn mọ̀ pé ẹ̀sìn kò pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti pa ara wọn pọ̀.

Àlàájì gbọ́ ọ délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ilé yìí ní òfin kan. A kì í bá ẹlòmíràn béèrè níbí."

Gabriel rò pé òun ló ń bá wí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi fúnra mi ni mo ń béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Mùsítúrà."

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lò ń gbé nínú ilé mi?"

Màmá Eunice mú báàgì rẹ̀.

"Gabriel, jẹ́ ká máa lọ," ni ó wí. "Wọ́n ti dá wa lóhùn."

Mùsítúrà wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi àlejò lọ́wọ́. Ó gbọ́ ìbéèrè yẹn, ojú rẹ̀ sì lọ sára àpótí fíúsì tí ó wà lára ògiri. Láti kékeré ló ti ń rí àwọn ayálégbé tí wọ́n ń wọ pálọ̀ yìí. Ó wá yé e lójijì pé bàbá òun kò tíì lé ẹnikẹ́ni. Ó ń dúró de òun ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọbìnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọkọ nílẹ̀ wa. Àwọn àgbà ló ń sọ ọ́, tí ọmọ á wà nínú yàrá, tí wọn yóò kàn pè é jáde kí ó wá sọ bóyá ó gbà. Ìtìjú mú Mùsítúrà. Màmá Eunice ti dé ẹnu ọ̀nà. Mùsítúrà gbé abọ́ omi sílẹ̀, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, èyí tí ẹ yàn fún mi kò tó mi."

Àlàájì na ọwọ́ sí àga tí ó wà níwájú rẹ̀, àga àwọn ayálégbé.

"Jókòó. Kí ni o fẹ́ fi ṣe?"

Mùsítúrà jókòó. Ó ní Gabriel ni òun fẹ́ fẹ́. Ó ní òun yóò máa kírun òun, òun yóò sì máa gba ààwẹ̀, Gabriel yóò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn sì ti jọ sọ ọ́. Ó ní Gabriel ti ṣẹ òun rí, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ó sì ti wá jẹ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú un.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá. Ó yẹ kí n ti sọ nígbà tí ẹ bi mí."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i ní ìkóríta," ni Àlàájì wí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ kí n tó dá bàbá Jẹ̀lílì lóhùn. O ní kò sí. Mùsítúrà, ohun tí mo yàn fún ọ, ohun tí à ń yàn fún ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ni."

Mùsítúrà bú sẹ́kún. Àlàájì jẹ́ kí ó sun ún. Ó wá kọjú sí Màmá Eunice tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì lápá.

"Ìyá wa, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ yín?"

"Ó béèrè," ni Màmá Eunice wí. "Mo sunkún títí, mo ní kó má dán an wò. Ó tún padà wá béèrè." Ó gbé báàgì náà sí apá kejì. "Mi ò ní purọ́ fún yín, Àlàájì. Ó ṣì ń dùn mí."

"Ó ń dun èmi náà," ni Àlàájì wí. "Ẹ padà wá jókòó, ẹ mu omi."

Màmá Eunice padà wá jókòó. Ó mu omi náà. Àlàájì ní òun fúnra òun ni yóò lọ bá ọ̀rẹ́ òun ní Àlàbá kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé, pé ọ̀rọ̀ náà yóò wúwo lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n òun yóò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Mùsítúrà àti Gabriel jókòó sídìí ẹ̀rọ ní Ìbá láti yan nọ́ńbà tuntun. Wọn kò jà. Wọ́n kọ́kọ́ wo iye iṣẹ́ tí ẹnì kan máa ń ṣí gan-an nígbà tí ọwọ́ bá dí, wọ́n fi díẹ̀ lé e, wọ́n sì fi ìyẹn ṣe ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n fi òrùlé kan sókè rẹ̀, ìyẹn gbèdéke tó ga jù, tí olùtọ́jú nìkan lè gbé ẹni kọjá. Wọ́n dá àyè díẹ̀ sí fún olùtọ́jú, kí ó lè máa rí ibi wọlé bí nǹkan bá dàrú. Lẹ́yìn náà ni Mùsítúrà tẹ ọ̀rọ̀ kan tí yóò máa hàn lójú ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí ẹ̀rọ: "Bí kò bá tó ọ, wá sọ."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù kí ọdún tó parí. Màmá Eunice fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ìborùn funfun kan. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí ó ń fún un, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló bá a tún un ṣe lórí.

Gabriel ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó wá béèrè lábẹ́ nọ́ńbà tuntun náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò ó bí ó ṣe rìn wá sídìí tábìlì Mùsítúrà, tí ó dúró bí ayálégbé, tí ó ní kò tó òun. Mùsítúrà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan jáde fún un.

"Jókòó," ni ó wí. "Kí ni o fẹ́ fi ṣe?"